Bí ọ̀dà àtijọ́ ṣe ń bó lára mọ́tò rìmóòtù tí ike ò sì bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ nídìí ọ̀dà bíbó, wọ́n á ní kẹ́míkà tó bá le jù ló dáa jù, pé tí sípíríìtì ò bá ṣe é kéèyàn gbé tínà, tí tínà ò bá ṣe é kéèyàn gbé acetone, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, kó ṣáà ti yára nù ún kúrò kó má pẹ́ lára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ba bọ́dì tó pọ̀ jù jẹ́. Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe é ò fara balẹ̀ o, wọ́n fara balẹ̀ dáadáa, ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ lórí ike yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dà kì í bó torí pé nǹkan kan lágbára jù ú lọ. Ó ń bó torí pé ó mu omi kan, ìyẹn kẹ́míkà olómi, tí ike abẹ́ ẹ̀ ò mu. Gbogbo iṣẹ́ náà ò ju kéèyàn wá irú omi yẹn lọ.

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ bó ẹ̀wà fún àkàrà. Kì í mú ọ̀bẹ, kì í mú iyanrìn, omi lásán ló ń dà lé e. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ èèpo ẹ̀wà á ti hunjọ, torí èèpo ló kọ́kọ́ mu omi, ó wú, ó fẹ̀ ju ẹ̀wà inú ẹ̀ lọ, ẹ̀wà inú ò sì tíì mọ̀ pé omi dé. Ohun tó bá ti fẹ̀ ju ibi tó lẹ̀ mọ́ lọ, kò lè tẹ́ síbẹ̀ mọ́, àfi kó hunjọ kó sì ta kúrò. Ìgbà yẹn lèèyàn á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, èèpo á léfòó, ẹ̀wà á rì. Ọ̀dà gan-an nìyẹn. Ọ̀dà ara ike kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, tí omi tó bá a mu bá ti wọ inú ẹ̀ á wú, ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ló sì ń wú sí, ike tó wà lábẹ́ ẹ̀ dúró sójú kan, bí ọ̀dà ṣe máa ta nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì í, ẹ ò ní rí nǹkan kan fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ẹ̀bá ibi tí ilẹ̀kùn ti pàdé bọ́dì á kọ́kọ́ sún kì, ká tó wí ká tó fọ̀ gbogbo òrùlé mọ́tò ti dà bí ojú arúgbó. Ìgbà yẹn ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wúlò, kì í ṣe ṣáájú. Ẹni tó bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á kó tó hunjọ, ẹ̀wà gbígbẹ ló ń bó.

Àfiwé ẹ̀wà yìí ṣì kù síbì kan. Ẹni tó bá rẹ ẹ̀wà mọ́jú di ọ̀sán ọjọ́ kejì á bá omi tó ń hó, ẹ̀wà inú ti mu omi yó, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti èèpo mọ́. Ike náà ń mu díẹ̀díẹ̀. Kò sí omi tí ike ò ní tọ́ wò rárá tó bá pẹ́ tó nínú ẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí ọ̀dà yó àti ìgbà tí ike bẹ̀rẹ̀ sí í mu, inú ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Sípíríìtì fún èèyàn ní àlàfo tó gùn, ọjọ́ kan sí méjì. Acetone ò fúnni ní ẹyọ ìṣẹ́jú kan, torí ọ̀dà àti ike jọ ń mu ún ni, ike gan-an tiẹ̀ lè mu ún ju ọ̀dà lọ. Ìdí nìyẹn tí "yára nù ún" ò fi lè ṣiṣẹ́ láéláé, kò sí ọwọ́ tó yára tó o. Kí ràágì tó kúrò lójú ike, ojú ike ti rọ̀, àwọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ti wọ inú ẹ̀, tí acetone bá wá fẹ́ lọ ojú ibẹ̀ á funfun bí ìgbà tí èémí bo dígí, ìlà ilẹ̀kùn tí wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́ sí ojú móòdù á sì ti yọ́ dà nù.

Kí ló wá ń pinnu ẹni tó máa mu kí? Ẹ da omi sí gàrí, á wú. Ẹ da epo pupa sí gàrí kan náà, á kàn rin ni, kò ní wú. Kì í ṣe pé omi lágbára ju epo lọ, ìwà ló bára mu. Charles Hansen, onímọ̀ kẹ́míkà, fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1967, ó ní kí omi kọ̀ọ̀kan àti ike kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan fún bí ohun gbogbo ṣe ń fa ara wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan fún bí iná pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù inú wọn ṣe ń fa ara wọn, ọ̀kan fún irú ìsopọ̀ haidirójìn tó wà nínú omi lásán. Tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti omi kan bá sún mọ́ ti ike kan, ike á mu ún. Tí wọ́n bá jìnnà síra, wọ́n á kàn jọ wà pọ̀ láìbá ara wọn ṣe. Ọmọ tó bá ti fi pẹtiróòlù yọ́ páàkì fóòmù tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì títí tó fi di gúlúù ti rí i pẹ̀lú ojú ara ẹ̀, fóòmù yẹn polystyrene ni, ẹbí kan náà ni òun àti ike líle tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ bọ́dì mọ́tò rìmóòtù, àti pẹtiróòlù àti tínà ló sún mọ́ ọn. Omi kànga ò ṣe páàkì yẹn ní nǹkan kan.

Bọ́dì pín sí oríṣi méjì, ẹni tí ò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó má tíì gbé nǹkan kan. Ọ̀kan ni ike líle, ABS tàbí polystyrene, tí wọ́n kùn láti ìta bíi mọ́tò gidi, irú Sand Scorcher tí Tamiya ti Shizuoka nílẹ̀ Japan gbé jáde lọ́dún 1979 pẹ̀lú bọ́dì ìjàpá Volkswagen. Èkejì ni polycarbonate, Lexan tí gbogbo èèyàn ń pè é, tó mọ́ gaara, tó fẹ́lẹ́, tó ṣeé ká, inú ni wọ́n ti ń kùn ún. Tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ ẹ tó bá yẹ̀ tó tún padà, Lexan ni.

Fún ike líle, sípíríìtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ tàbí isopropyl, oríṣi sípíríìtì kan, tó lé ní ìdá 90 nínú 100. Ọ̀dà acrylic ń bó nínú ẹ̀ wẹ́rẹ́, ọ̀dà lacquer ń pẹ́ díẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì náà ń ṣe é, mẹkáníìkì kankan ò sì nílò àlàyé lórí ìyẹn, wọ́n mọ̀ pé tó bá ta sára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di ọjọ́ kejì kí ibẹ̀ hó. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sára agolo ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, DOT 5 silikóònù ni, ó lè wà lórí ọ̀dà fún oṣù kan kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Tó bá pẹ́ jù lára ABS, ABS á bẹ̀rẹ̀ sí í gan, nítorí náà kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Dettol náà ń bó ọ̀dà dáadáa, àwọn tó ń kun mọ́dẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń ba tiẹ̀ jẹ́: wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á lọ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ọ̀dà tó ti rọ̀ á wá di nǹkan tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà títì, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Inú Dettol náà ni kí wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ tán kí omi tó kàn án.

Ọ̀dà olóròóró yàtọ̀, òun ló dùn ún sọ jù nínú gbogbo wọn. Enamel àtijọ́ ní òróró nínú, kọ́sítíìkì sódà ló ń bó o, kì í sì í ṣe pé ó ń wú u, ṣe ló ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Mo ń sọ ọṣẹ gidi o. Ohun tí omi eérú ń ṣe sí àdí nínú ìkòkò ọṣẹ dúdú, òun náà ni kọ́sítíìkì ń ṣe sí ọ̀dà yìí, ó ń já òróró inú ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀yìn náà omi lásán á ṣàn án lọ. ABS àti polystyrene ò mọ̀ pé kọ́sítíìkì kàn wọ́n. Polycarbonate ńkọ́? Kọ́sítíìkì ń já òun náà ni, torí ìsopọ̀ tó wà nínú ẹ̀ jọ ti òróró, kó má dé ibẹ̀ rárá. Kí ẹni tó bá ń lò ó wọ gílọ́ọ̀fù, torí ọ̀rá ara èèyàn náà á di ọṣẹ.

Tí wọ́n bá fi hardener, kẹ́míkà tó ń mú ọ̀dà le, sí ọ̀dà, bíi ti àwọn tó ń kun mọ́tò gidi, àwọ̀n ni irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, wọ́n ti so ojú ẹ̀ kọ́ra, kò lè yọ́ láé. Ó ṣì lè wú, á wá bọ́ ní awẹ́ńlá bí ìpẹ́, kò ní di omi.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti dúró wòye nìyí, torí òun ló ń fọ́ bọ́dì tí wọ́n á wá máa bú kẹ́míkà. Ike ò wà ní ìsinmi. Nígbà tí wọ́n ń fi agbára tì í sínú móòdù, ó gbóná, ó ń sáré, ojú kan ẹ̀ tutù ṣáájú ojú kejì, àwọn okùn gígùngígùn tó wà nínú ẹ̀ wá gan síbi tí wọ́n ti na ara wọn tán. Igun mímú, ìdí òpó tí sikúrù ń wọ̀, ibi tí etí fèrèsé ti tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ibẹ̀ ló ń fà. Ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó kún tó sì le, ẹ fi eyín kàn án díẹ̀, omi á tú sójú. Ẹ mú ọ̀rá tó ti dẹ̀, ẹ lè jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́ kó tó ya. Ọ̀rá kan náà ni, ìfà tó wà lára wọn ló yàtọ̀. Omi tí ike ò mu tó láti yọ́ lè yọ́ wọ ibi tó ń fà yẹn, á ya àwọn okùn yẹn sọ́tọ̀ ní ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kúrò lára wọn, ike á sì là. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́, ti ike yìí yàtọ̀ díẹ̀, ògiri ò tíì lanu, ó kàn ti ń fẹ́ẹ́ là ni, aláǹgbá ló parí ẹ̀.

Nítorí náà ni kí wọ́n fi tú gbogbo sikúrù kúrò kí bọ́dì tó wọ omi, kí wọ́n yọ bọ́ńpà, kí wọ́n yọ ohunkóhun tó ń tẹ̀ ẹ́ tàbí tó ń fà á, kí wọ́n má sì gbìyànjú láti fún un mọ́ inú abọ́ kékeré tó máa ká a lọ́rùn. Bọ́dì tó bá tẹ́jú nínú omi kan náà á yè, èyí tí wọ́n ká sínú ẹ̀ á là ní ìdí òpó, ọjọ́ keji tàbí ìkẹta ni wọ́n á tó rí i. Kí wọ́n má sì gbé omi gbígbóná. Polystyrene ń rọ̀ ní bíi 100 dígírì, ìfà inú ẹ̀ ò sì dúró dìgbà yẹn kó tó máa lọ́.

Ó wá ku Lexan. Hermann Schnell ní Bayer nílẹ̀ Jámánì àti Daniel Fox ní General Electric l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1953, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín wọn, ni wọ́n ṣe é láìmọ̀ pé ẹnì kejì ń ṣe é. Ọgbọ́n tó wà nínú kíkùn ún láti inú dára púpọ̀: ike fúnra ẹ̀ ló di ààbò ọ̀dà, mọ́tò lè fi òrùlé wọ́lẹ̀ lójú títì, ike ló máa ha, àwọ̀ ò ní ṣí. Bọ́dì yẹn á ká, á tún nà, ọ̀dà tó bá kàn lẹ̀ mọ́ ọn lójú á ta. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún un, irú PS ti Tamiya, fi ń bu ojú ike jẹ díẹ̀, ó wọ inú ẹ̀, àwọn méjèèjì lọ́ mọ́ra. Ìyàtọ̀ tí a gbójú lé fún bíbó ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa rẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe àbùkù o, iṣẹ́ tó pé ni, ó kàn jẹ́ pé ohun tó jẹ́ kí ọ̀dà pẹ́ náà ni kò jẹ́ kó bó.

Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń kúrò. Isopropyl nìkan ni kí wọ́n lò, ní ràágì tàbí rírẹ fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ́ìlì bíréèkì, torí polycarbonate wà lára àwọn ike tó tètè ń là jù tí nǹkan bá yọ́ wọ ibi tó ń fà. Ọ̀dà tí kì í ṣe ti Lexan, tí ẹnì kan fi àṣìṣe fín sí i, á ṣí ní awẹ́awẹ́. Ti PS á ṣẹ́ òjìji sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá gbé bọ́dì sókè kọjú sí oòrùn ẹ máa rí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó kù nínú ike fúnra ẹ̀, kò sí omi tó máa yọ ìyẹn láìyọ ike. Òjìji yẹn ló máa wà níwájú ọ̀dà tuntun, torí ìta lojú ti ń wò ó, nítorí náà kí àwọ̀ tuntun dúdú ju ti àtijọ́ lọ. Funfun lẹ́yìn òjìji pupa á di rósì. Dúdú tàbí búlúù tó jinlẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé ó ti fìgbà kan pupa.