Bí Kọfí Ṣe Di Owó Nínú Àtìmọ́lé Amẹ́ríkà

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ pé ṣé ó yẹ kí àtìmọ́lé máa fún àwọn tó wà níbẹ̀ ní kọfí, ohun kan náà ni àwọn èèyàn ń kọ́kọ́ sọ: kí ló dé tí owó orí wa yóò fi máa ra kọfí fún ọ̀daràn? Ọ̀rọ̀ yìí ń bí èèyàn nínú, nítorí àṣìṣe méjì ló kó sínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ àtìmọ́lé Amẹ́ríkà, kọfí ti wà níbẹ̀ tipẹ́, owó orí kọ́ ló sì ń rà á. Ìyá ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ló ń rà á, tàbí ìyàwó rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń mu ún kì í sì í ṣe ọ̀daràn lójú òfin.

Àṣìṣe kejì yìí kò gba àlàyé gígùn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibi tí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ti ń lo ọdún tí adájọ́ kà fún un. Àtìmọ́lé káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀ wọn), tí ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀, sábà máa ń ṣàkóso, ni wọ́n ń kó ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sí, àti ẹni tí kò rí owó béèlì san, àti àwọn tí ẹ̀wọ̀n wọn kò ju oṣù mélòó kan lọ. Bí a bá ka ẹni mẹ́ta níbẹ̀ lónìí, nǹkan bíi méjì ni ilé ẹjọ́ kò tí ì dá lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 1979, nínú ẹjọ́ Bell v. Wolfish, pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹni tó ṣì ń retí ìgbẹ́jọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Awaiting trial ni wọ́n ń pè wọ́n nílé, àwọn náà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé kọfí náà láti ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá mú ẹnì kan wọlé, wọ́n á ka owó tó wà lápò rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí àkáǹtì tí wọ́n ṣí lórúkọ rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan owó mọ́ títí yóò fi jáde. Ẹbí rẹ̀ lè fi owó kún àkáǹtì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù, tàbí níbi ẹ̀rọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà àtìmọ́lé. Ilé-iṣẹ́ tó bá wọn gbé owó náà á yọ tirẹ̀. Ní káúńtì mìíràn, àtìmọ́lé fúnra rẹ̀ á tún yọ gbèsè kí ẹni náà tó rí nǹkan ná: owó ìforúkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé, owó tó jẹ nígbà tó lọ rí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gba orúkọ ohun tí kálukú fẹ́ rà ní ṣọ́ọ̀bù inú ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kọ́mísárì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹrù á dé nínú ọ̀rá: ọṣẹ, ìbọ̀sẹ̀, núdù irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Indomie, àti kọfí.

Kọfí ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sè. Lẹ́búlẹ́bú ni, bíi Nescafé, nínú ọ̀rá tí ojú ń rí inú rẹ̀. Kò sí agolo, kò sí ìgò, kí irin tàbí àfọ́kù má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lè fi ṣe èèyàn léṣe. Keefe, ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní agbègbè St. Louis, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń tà á fún àtìmọ́lé àti ẹ̀wọ̀n káàkiri Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tó bá gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí sì máa ń dá ìpín kan nínú ọjà tó bá tà padà fún káúńtì. Ohun tí àwọn tó ń pariwo owó orí kò mọ̀ nìyẹn. Káúńtì kò náwó lórí kọfí, ṣe ló ń pa owó lórí rẹ̀. Ní California, òfin ní kí èrè ṣọ́ọ̀bù wọ àpò owó tó wà fún àǹfààní àwọn tó wà látìmọ́lé, èyí tó dára, àmọ́ owó ẹbí wọn náà ni wọ́n ṣì fi ń tọ́jú wọn. Iye rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí àjọ Prison Policy Initiative ṣírò rẹ̀ ní 2018 nínú ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Illinois, Massachusetts àti Washington, ìpíndọ́gba tí ẹlẹ́wọ̀n kan ń ná ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún jẹ́ 947 dọ́là, oúnjẹ àti ohun mímu ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rá kọfí bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kì í ṣe ohun mímu nìkan mọ́. Owó ni.

Owó inú àkáǹtì kò ṣeé gbé fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Bẹ́ẹ̀, ọgọ́ta èèyàn kò lè jọ gbé inú yàrá kan kí wọ́n má ra nǹkan, kí wọ́n má tà. Ẹnì kan mọ irun gẹ̀, ẹnì kan mọ lẹ́tà kọ sí adájọ́, ẹnì kan lè ya àwòrán ọmọ ẹni láti ara fọ́tò, ẹnì kan sì ṣe tán láti fọ aṣọ ẹlòmíì. Ohun tí wọ́n ń wá ni ohun kan tí púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́, tí kì í tètè bàjẹ́, tó ṣeé pín sí wẹ́wẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe ayédèrú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìṣòro yìí kan náà ni owó ẹyọ bá àwọn baba ńlá wa yanjú. Wọ́n ń sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Kọfí inú àtìmọ́lé náà ní okùn àti ọ̀kẹ́ tirẹ̀. Ìwọ̀n ṣíbí ike tó tó po ife kan, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀tì, ni owó kékeré. Ọ̀rá tí wọn kò tí ì já ni owó ńlá, tí wọ́n fi ń san gbèsè tó lórúkọ. Ọ̀rá tí wọ́n ti já kò níyì tó bẹ́ẹ̀, nítorí ta ló mọ̀ bóyá ẹnì kan ti bu nínú rẹ̀?

Ìbáradọ́gba yìí ṣì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lè ṣa ẹyọ létí òkun wa kó sì fi di olówó. Láti erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o, ọkọ̀ àwọn òyìnbó ló sì ń gbé e dé etíkun wa. Ẹni tó ní ọkọ̀ ló ń pinnu iye owó tó wà nílùú. Ìgbà tí àwọn oníṣòwò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ Zanzibar, láti ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọlé ní yàlàyàlà ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, owó náà já débi pé ẹrù ẹyọ tí alágbàrù rù lè má ra nǹkan gidi kan. Nínú àtìmọ́lé, ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ̀ òkun. Òun nìkan ló ń kó owó wọ ìlú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ẹrù bá ti dé, kọfí á pọ̀ nílẹ̀, iye rẹ̀ á sì rọ̀ díẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ tí ọ̀rá ń gbẹ, ṣọ́ọ̀tì kan náà á ra ju ohun tó rà lọ́jọ́ ọjà lọ. Bí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù bá sì pẹ́, gbèsè tó yẹ kí wọ́n san lọ́jọ́ náà kò ní ṣeé san, ìjà lè dé.

Gbèsè ọ̀hún ní orúkọ lédè wa. Ẹni tó bá ní kọfí púpọ̀ máa ń yá aláìní ní ọ̀rá kan lónìí pé kó dá méjì padà lọ́jọ́ ọjà. Sọgúndogójì ni Yorùbá ń pe irú olówó èlé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mu tó o. Ẹni tó ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọ tí ẹbí rẹ̀ kò rí owó fi ránṣẹ́. Àwọn kan ń jẹ gbèsè kọfí kí ẹjọ́ wọn tó ní ọjọ́.

Bí wọ́n bá kó kọfí kúrò, ọjà kò ní parí. Ìtàn ti fi èyí hàn. Sìgá ni owó ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ní 2004, wọ́n fòfin de sìgá mímu níbẹ̀, ẹja inú ọ̀rá àti sítáǹbù lẹ́tà sì gorí àga. Ní 2016, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Michael Gibson-Light ròyìn pé núdù ti gba ipò sìgá nínú ẹ̀wọ̀n tó ti ṣe ìwádìí, ó sì sọ pé oúnjẹ tí ẹ̀wọ̀n ń fún wọn, tó ti kéré tí kò sì dára mọ́, ló fà á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara balẹ̀ wò wà níbí. Lẹ́búlẹ́bú kọfí ni owó. Kọfí tí wọ́n ti pò kì í ṣe owó. Ife kọfí tí wọ́n gbé fún èèyàn pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ kò ṣeé tọ́jú, kò ṣeé kà, kò ṣeé yá èèyàn kó di méjì. Á tutù, wọ́n á mu ún, ó parí. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé bí àtìmọ́lé bá ń fúnni ní kọfí, òwò inú ibẹ̀ á gbilẹ̀, ti gbé ọ̀rọ̀ náà dojú dé. Títà á nìkan ló ń sọ ọ́ di owó. Fífúnni ní ife kan lóòjọ́ ń dín iye rẹ̀ kù lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà. Omi gbígbóná lè di ohun ìjà, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fi omi ẹ̀rọ ojú síǹkì po kọfí. Ife tí wọ́n gbé wá nígbà tí kò gbóná jù mọ́ yanjú ìyẹn.

Orí fífọ́ ẹni tó dédé pàdánù kọfí ló yẹ kí adájọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè. Nínú ọpọlọ, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní adenosine, tó ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ṣe ń lọ, tó sì ń sọ fún ara pé ó tó àkókò ìsinmi. Kafíìnì inú kọfí máa ń jókòó sórí àga rẹ̀. Lára ẹni tó ń mu kọfí lójoojúmọ́, ọpọlọ á fi àga kún àga kí adenosine lè ríbi jókòó. Bí kọfí bá wá dédé dáwọ́ dúró, gbogbo àga á kún lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ orí á fẹ̀, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó máa ń le jù láàárín wákàtí 20 sí 51, ó sì lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́sàn-án kó tó lọ. Àárẹ̀, ìbínú, àìlèfọkànsí nǹkan máa ń bá a rìn.

Ẹ fi ìyẹn wé aago ilé ẹjọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ County of Riverside v. McLaughlin ní 1991, bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn láìgba ìwé àṣẹ, adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ ìdí rẹ̀ wò láàárín wákàtí 48, ní ọ̀pọ̀ káúńtì sì rèé, ìjókòó kan náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ béèlì. Wákàtí tí orí ń fọ́ jù ni wákàtí tí ẹni náà ń dúró níwájú adájọ́, tí ó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, tí ó sì ní láti dáhùn. Kò tí ì lè ra kọfí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Ọjọ́ ọjà kò tí ì pé. Kò sí ìdájọ́ tó ní kí orí rẹ̀ fọ́, síbẹ̀ ó ń fọ́.

Kì í ṣe pé kọfí kò ní ewu. Ó ń lé oorun, ó ń mú àyà já, ó sì ń ṣe àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ kan bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní apá kejì: lára ẹni tó ń lo lithium, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, kọfí tó dáwọ́ dúró lójijì lè mú kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló yẹ kó mójú tó irú ẹni bẹ́ẹ̀. Fífi òfin kan gba kọfí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, bí Joe Arpaio ti ṣe nígbà tó jẹ́ ṣẹ́ríìfù káúńtì Maricopa ní Arizona, kò bójú tó ẹnikẹ́ni.

Ní San Francisco, òfin 2020 fòpin sí èrè tí ìlú ń jẹ lórí ọjà àtìmọ́lé. Ìyá tó ń fi owó kọfí ránṣẹ́ kò san owó lé e lórí fún ìjọba mọ́. Ìgbésẹ̀ gidi ni. Èyí tó kù ni ife orí àwo oúnjẹ àárọ̀, tó ń dé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ní ọ̀pọ̀ àtìmọ́lé. Nígbà tí aago mẹ́fà bá fi máa lù, ife yẹn á ti ṣófo, kò ní sí ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ fún sọgúndogójì.