Ta ló ní kí + máa lẹ ọ̀rọ̀ pọ̀?

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ kóòdù lọ́dọ̀ mi ní Adó-Èkìtì níbí ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó kọ "Adó" + "Èkìtì", AdóÈkìtì ló rí, ló bá yíjú sí mi, "Bọ̀dá, ṣebí ìṣirò ni wọ́n ń fi + ṣe?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni o.

Mo ní kó wo "jẹ". Ẹnì kan jẹ iyán, ẹnì kan jẹ gbèsè, ẹnì kan jẹ Ẹwì, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohun tó tẹ̀lé e la fi ń mọ èyí tá à ń sọ. Operator overloading náà nìyẹn, kọ̀ǹpútà á wo ohun tó wà lọ́tùn-ún àti lósì àmì yẹn kó tó mọ iṣẹ́ tó máa fi ṣe.

Láyé àtijọ́, kálukú èdè tá a fi ń kọ kóòdù ló ní tiẹ̀. SNOBOL tí wọ́n ṣe ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan l'Amẹ́ríkà, ní 1962, àlàfo lásán ló fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, PL/I ń lo ||, ALGOL 68 lo + ó sì tún gbà kéèyàn fúnra ẹ̀ sọ ohun tí àmì máa ṣe. C ò tiẹ̀ dá sí i, strcat lẹ máa pè kó so ọ̀rọ̀ pọ̀, printf lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ jáde, tẹ́ ẹ bá wá ṣi %d (ti nọ́ńbà) kọ síbi %s (ti ọ̀rọ̀), ẹjọ́ yín nìyẹn.

Bell Labs yìí náà ni Bjarne Stroustrup ti bẹ̀rẹ̀ ohun tó padà di C++ ní 1979. Doug McIlroy tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló dábàá fún un pé kó lo àmì dípò orúkọ láti fi tẹ nǹkan jáde, bíi ti > àti | inú Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Stroustrup ro ti =, kò bọ́ sí i, ó gbìyànjú < àti >, àmọ́ "ó kéré sí" àti "ó ju" ti jókòó sí gbogbo èèyàn lágbárí, wọn ò lè kà á, àti pé (èyí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù) < wà lórí kọ́mà nínú kíbọ́ọ̀dù, làwọn èèyàn tó ń fi cout tẹ nǹkan jáde ní C++ bá ń ṣì í kọ ní cout < x, y, z. Bó ṣe gba << nìyẹn, àmì tó jẹ́ pé bit, ìyẹn 0 àti 1 inú kọ̀ǹpútà, ló ń sún sápá òsì nínú C. + sì máa ń ṣáájú ẹ̀, torí náà cout << 2 + 3 á tẹ 5 jáde láìsí wàhálà.

Java dé ní 1995, James Gosling tó ṣe é ní òun ò fẹ́ káwọn èèyàn máa fún àmì níṣẹ́ tó wù wọ́n, torí bí wọ́n ṣe ṣe é báṣubàṣu ní C++, síbẹ̀ òun fúnra ẹ̀ fi + sílẹ̀ fún String, ìyẹn ọ̀rọ̀. Èmi ò rí i bá wí ṣá. Larry Wall tó ṣe Perl ló sá fún ìjà ní tiẹ̀, àmì ìdánudúró ló fi ń so ọ̀rọ̀ ní Perl láti 1987, PHP sì tẹ̀ lé e. Python sọ % tó ń wá ìyókù di ohun tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀, kí f-string, ọ̀nà míì láti to ọ̀rọ̀, tó dé ní 2016, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún un ní "500" + 200, ó máa kọ̀ jálẹ̀ ni, torí ọ̀rọ̀ ni "500" tó wà nínú àmì àyọlò, nọ́ńbà ni 200.

JavaScript ò ní kọ̀ ní tiẹ̀, á sọ nọ́ńbà yẹn di ọ̀rọ̀, á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Èmi ni mo kọ ètò rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù wa, fọ́tò 500 náírà, lámínéètì 200, rìsíìtì jáde, 500200. Màmá tó fẹ́ sanwó wò ó títí, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ ni mo rà ni?"