Iléeṣẹ́ wo ló yẹ ká máa wá sí ìtòsí Adó-Èkìtì?

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn oníléeṣẹ́ wá ilẹ̀ ní ìtòsí Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìjàn, títí dé Ìwòròkò, ohun táwọn ará ilé sì máa ń bi mí jù ni pé kí ló dé tí iléeṣẹ́ fi kún Ọ̀tà àti Àgbárá fọ́fọ́, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tiwa, pátákó "ẹ káàbọ̀" nìkan la rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ara yín wé Ọ̀tà. Ọ̀tà fara ti Èkó, ẹrù tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Apápá ò níṣẹ́ púpọ̀ kó tó débẹ̀. Adó ńkọ́? Ó lé ní 300 kìlómítà o. Ẹni tó ń kó ohun tó fi ń ṣe ike wọlé láti Ṣáínà, kí ló fẹ́ wá ṣe níbí? Ẹ fi onítọ̀ún sílẹ̀ jàre.

Ẹni tó yẹ ká máa wá ni ẹni tí ọjà ẹ̀ ò lè pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ wo pákí. Tí wọ́n bá ti wú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta báyìí, inú ẹ̀ ti ń dúdú nìyẹn, ó sì lé ní ìdajì ara ẹ̀ tó jẹ́ omi, torí náà, ẹni tó ń fi tírélà kó pákí tútù lọ Èkó, omi ló ń sanwó ọkọ̀ fún. Ẹni tó fẹ́ ṣe sítáàṣì tàbí fúláwà gbọ́dọ̀ wá bá oko ni. Wàrà ò tiẹ̀ ní sùúrù tó pákí. Oko màlúù ìjọba tó wà ní Ìkun, tó ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́, Promasidor tó ń ta mílíìkì ló wá bá ìpínlẹ̀ dọwọ́ pọ̀ lórí ẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni ilẹ̀. Oníléeṣẹ́ á wá, á rí ilẹ̀, inú ẹ̀ á dùn, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ẹbí mìíràn ti yọ pé àwọn ni àgbà, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà á ní owó fandéṣọ̀n àwọn dà. Kò ní bá yín jà o, á kàn rọra wọ mọ́tò ẹ̀, ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, kí gbogbo ẹbí jókòó, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo níwájú lọ́yà, kí sọ̀féyọ̀ wọn ilẹ̀ náà, kí ẹ sì gbé survey yẹn lọ sọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n bá yín chart ẹ̀, kó lè hàn bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí gọ́mẹ́ńtì ti gbà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, báńkì tó fẹ́ yá oníléeṣẹ́ lówó ò ní gba ìwé ẹbí nìkan.

Iná wá ńkọ́? Ẹ má kàn sọ pé "a níná". Táńsífọ́mà àdúgbò tó ń gbé fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé ẹ̀rọ ńlá, láìnì iná ńlá tí wọ́n ń pè ní 33kV ni wọ́n ń wá, kí ẹ mọ ibi tó gbà kọjá àti bó ṣe jìnnà sí ilẹ̀ yín tó, torí òpó àti wáyà tí wọ́n máa fà débẹ̀, àpò oníléeṣẹ́ ló sábà máa ń ti jáde.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ àwọn alájàpá ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wá kó gàrí lọ́jọ́ ọjà yẹn, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún, wọ́n sì mọ iye tó ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ló máa gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá síbí.