Robinson Crusoe kò gbé ayé rí, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ wà

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni èmi àti àbúrò mi jókòó sẹ́bàá ọ̀sà ní Àgbádárìgì, tí a ń wo Robinson Crusoe lórí fóònù. Èyí tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 1964 ni, tí kò ní àwọ̀, tí Robert Hoffmann ará Austria ṣe Crusoe nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fọ́, tí ìgbì gbé ọkùnrin náà jù sétí òkun, àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ọkùnrin yìí mà rí nǹkan o! Ibo ni wọ́n sin ín sí?"

Òun nìkan kọ́. Tíṣà tó kọ́ wa ní ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ fún wa pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, a sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò ṣẹlẹ̀. Daniel Defoe, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ló fi orí ara rẹ̀ ro ó, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù April 1719, nígbà tó ti tó nǹkan bí ẹni ọgọ́ta ọdún. Ohun tó tan àwọn èèyàn ni pé kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ sọ pé Crusoe fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Inú ìwé tún ka ọjọ́ bí ẹni ka owó: ọdún 28, oṣù 2 àti ọjọ́ 19 ló lò ní erékùṣù. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò ní àlọ́ ni?

Àwọn tó kàwé díẹ̀ sí i a máa sọ pé Alexander Selkirk ni wọ́n yí lórúkọ padà. Selkirk gbé ayé rí ní tirẹ̀, atukọ̀ ará Scotland ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò rì mọ́ ọn lórí. Òun ló bá ọ̀gá ọkọ̀ jà ní 1704 pé ọkọ̀ náà ti ń jò, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ sí erékùṣù kan lójú òkun Pàsífíìkì, ní apá Chile. Ó lé ní ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó wá gbé e ní 1709. Kò sí ẹnì kankan bíi Friday, ìránṣẹ́ Crusoe nínú ìwé, níbẹ̀. Ewúrẹ́ àti ológbò ló bá gbé. Erékùṣù ti Crusoe sì wà nítòsí ẹnu odò Orinoco ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lójú òkun Àtìláńtíìkì, òkun mìíràn pátápátá. Chile ló tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà nígbà tó sọ erékùṣù Selkirk ní Robinson Crusoe ní 1966.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a ń jiyàn bóyá ọkùnrin yìí gbé ayé rí, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ibi tó ń lọ kí ìjì tó jà. Ó wà nínú ìwé kedere. Crusoe ti ní oko ní Brazil, lápá Bahia. Àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó ṣojú àwọn lọ sí etíkun Gíníì, bí òyìnbó ṣe ń pe apá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, láti yọ́ kẹ́lẹ́ kó ẹrú wá. Kò ní dá kọ́bọ̀. Wọn yóò pín lára àwọn èèyàn náà fún un. 1 September 1659 ni wọ́n ṣí. Ìlẹ̀kẹ̀, àfọ́kù gíláàsì, ìkarawun, dígí kékeré, ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí àti àáké ni ẹrù ọkọ̀. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi gba ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn! Bẹ́ẹ̀, òun náà ti ṣe ẹrú rí ní Salé, ní Mòrókò. Xury, ọmọdékùnrin tó bá a sá kúrò níbẹ̀, ó tà á ní owó fàdákà 60.

Àbúrò mi dá fíìmù dúró. Ó nawọ́ sí òdìkejì omi, sí apá Gbẹ̀rẹ̀fù, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. "Tí ìjì yẹn ò bá jà, ṣé ibí ni ì bá wá?"

Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlú mìíràn létíkun, torí ọjà ẹrú tiwa kò tíì gbilẹ̀ ní 1659. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ló gbilẹ̀. Nígbà tó sì gbilẹ̀, ọ̀sà tó wà níwájú wa yìí ni wọ́n ń tu àwọn ẹrú kọjá, àwọn àgbà ní wọ́n á fún wọn lómi kànga kan mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bá ara wọn ní Bahia, nínú oko bíi ti Crusoe. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń kọrin sí Ògún àti Yemọja níbẹ̀ títí dòní.