Kí ẹ tó fi bébà ṣe mọ́ọ̀dù, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe ìdérí ìkòkò l'Ádó-Èkìtì gbé ìdì bébà kan wá bá mi. Ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ti gbẹ́ ẹ bí àwo, òun yóò fi ṣe mọ́ọ̀dù tí yóò máa tẹ páànù alumíníọ̀mù di ìdérí. Ó ní ìdérí àkọ́kọ́ jìn dáadáa, àmọ́ ìkẹta ti tẹ́.

Mi ò fi í rẹ́rìn-ín. Ewé bébà kan ni atẹ́gùn ń gbé. Ìdì rẹ̀ le ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bó bá jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọ̀ ni, tí iye tí a fẹ́ ṣe kò pọ̀, ó lè gbà á. Irin gbígbóná ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ibi tó ti ṣìṣe ni pé ó gbẹ́ bébà kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gé bébà ní sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú lóròó, ẹ tò ó ga tó 5, ẹ wọn gíga rẹ̀. Ẹ fi jáàkì tó ní géèjì gbé 1,000 kílò lé e: 40 kílò nìyẹn lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ̀n ọ́n lábẹ́ ẹrù, ẹ tú u, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nígbà àkọ́kọ́, kì í padà tán, torí pé àlàfo àárín ewé ń pa dé. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí gíga rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́, ìgbà náà ni kí ẹ tó gbẹ́ ẹ.

Ẹ ya ìwé ìròyìn wò pẹ̀lú. Lọ́nà kan, yóò ya gbọọrọ. Lọ́nà kejì, á ya ṣákaṣàka. Ibi tó ya gbọọrọ ni okùn inú bébà tọ̀, ibẹ̀ ló sì ti le jù bí a bá fà á. Nítorí náà, ẹ to ewé kan lóròó, èkejì níbùú.

Omi ló ń da iṣẹ́ yìí rú jù. Bébà ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á wú, á sì rọ̀. Ìdì tó le nígbà ọyẹ́ kọ́ lẹ ó bá nígbà òjò. Ìdí nìyẹn tí ilé àyẹ̀wò fi ń kọ́kọ́ gbé bébà sí yàrá tó wà ní ìwọ̀n 23 Celsius, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 50 nínú 100. Ẹni tí kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀, kó wọn bébà 100 gíráàmù, kó mú un gbẹ nínú ófùn ní ìwọ̀n 105 Celsius, kó tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ku 93, omi ni 7 tó lọ. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì yín.

Mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà gbé ìdì tuntun wá lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ká jọ tẹ ìyẹn náà wò.