Bí Iná LED Ṣe Mọ Àárọ̀ Yàtọ̀ sí Alẹ́

Nínú ṣọ́ọ̀bù oníná kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tẹ súìṣì, iná pẹlẹbẹ kan tí ó wà lára àjà sì tàn funfun báláú. Ó pa á, ó tún un tàn, ó wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí fìtílà elépo pupa. Nígbà tí ó tàn án lẹ́ẹ̀kẹta, àwọ̀ rẹ̀ bọ́ sí àárín méjèèjì. Màmá tí ó fẹ́ rà á kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó parí àlàyé: "Bọ̀dá, funfun yẹn nìkan ni màá máa lò. Kí ni ìyókù wà fún?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníná. Ọ̀dọ̀ ewéko ni. Ní ọdún 1729, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ewéko kan tí ń pa ewé dé lálẹ́ sínú òkùnkùn. Irú patanmọ́ ni wọ́n gbà pé ó jẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń fọwọ́ kàn lẹ́bàá ọ̀nà oko kí wọ́n lè rí bí ó ti ń kákò. Bí kò tilẹ̀ rí oòrùn, ewé náà ń ṣí lójúmọ́, ó sì ń pàdé lálẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó hàn sí àwọn tí ó tẹ̀lé e pé aago kan wà nínú ohun abẹ̀mí, àti pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tún aago náà ṣe lójoojúmọ́.

Àwọn tí ń wá iná kò ro ti aago yẹn rárá. H. J. Round, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i ní 1907 pé òkúta kírísítàlì kan ń tàn fírífírí nígbà tí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 1962, Nick Holonyak ṣe LED pupa ní Amẹ́ríkà, ìyẹn hóró kírísítàlì kékeré tí ń tàn bí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Búlúù ni ó ya olóríkunkun, bẹ́ẹ̀ láìsí búlúù, LED kò lè tàn funfun. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ṣe làálàá fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Japan kí wọ́n tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2014. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè bo búlúù náà: díẹ̀ ń yọ́ kọjá, ìyókù ń di àwọ̀ ìyeyè, ojú wa a sì rí àpapọ̀ wọn bíi funfun.

Búlúù yìí kan náà ni ó dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ní 1998, Ignacio Provencio àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí èròjà kan tí ń gba ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n pè ní melanopsin, nínú awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ní 2002, David Berson àti àwọn tirẹ̀ fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ó ní irú èròjà yìí wà lẹ́yìn ojú èkúté tí ìmọ́lẹ̀ ń ta jí, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ ìgbà tí ó jẹ́. Irú wọn wà lójú ènìyàn pẹ̀lú. Búlúù bíi ti sánmà ọ̀sán, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 480 nánómítà, ni ó ń ru wọ́n sókè jù. Bí wọ́n bá rí i lóru, ara a dín melatonin kù, èròjà tí ń kéde fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ibẹ̀ ni ìtàn méjèèjì ti pàdé. Wọ́n to LED oríṣi méjì sínú iná kan, èyí tí ó pọ́n bíi gílóòbù àtijọ́, nǹkan bí 2700 kelvin (ìwọ̀n tí a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), àti èyí tí ó funfun bí ọ̀sán, nǹkan bí 6500, wọ́n sì ń bù wọ́n mọ́ra wọn, kí funfun wà fún ọ̀sán, kí pípọ́n sì wà fún alẹ́. Láti 2016 ni irú rẹ̀ ti wọ ibùdó òfuurufú àgbáyé (International Space Station) tí ń yí ayé ká, níbi tí oòrùn ti ń yọ nígbà bíi 16 láàárín wákàtí 24. Èyí tí ó péye a máa tẹ̀lé aago fúnra rẹ̀, láti ìdájí títí di àṣáálẹ́. Ti Ìjẹ̀bú-Òde yìí ń dúró de ọwọ́ onílé (bí iná bá sì ṣẹ́jú pẹ́, ó lè pàwọ̀ dà láìbi ẹnikẹ́ni), ṣùgbọ́n lójú tèmi ọwọ́ náà tó, bí onílé bá rántí.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ṣí ìdérí iná náà fún màmá. Àwọn hóró kéékèèké tò yíká, ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè, èkejì pọ́n bí ọsàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn. Lábẹ́ ìyẹ̀fun yẹn, búlúù ni gbogbo wọn.