Níbo ni Ohùn Ti Ń Tẹ̀ Nínú Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ítálì?

Ẹ kọ capitano sílẹ̀ kí ẹ bi mí pé kí ló túmọ̀ sí. N kò lè dáhùn àfi tí ẹ bá pè é sí mi létí. Bí ohùn bá tẹ sílébù àkọ́kọ́, CA-pi-ta-no, "wọ́n máa ń ṣẹlẹ̀" ni. Bó bá tẹ ẹ̀kẹta, ca-pi-TA-no, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni. Bó bá dé ìparí, ó di capitanò: "ó ṣe olórí wọn".

Ẹni tó mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà kò ní ṣe háà sí èyí. Ohun tó ń dààmú wa ni pé àwọn ará Ítálì kì í sábà fi àmì sí i, àfi tí ohùn bá tẹ sílébù ìparí, bíi parlò, "ó sọ̀rọ̀". Etí lẹ ó fi mọ ìyókù. Ẹ má sì sọ ọ́ di ohùn òkè lásán o. Sílébù tí ohùn tẹ̀ máa ń le ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì sábà máa ń fà díẹ̀ tó bá jẹ́ fáwẹ̀lì ló parí rẹ̀.

Nínú kíláàsì mi, abitano, "wọ́n ń gbé", ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Wọ́n ti mọ abitare, a-bi-TA-re, wọ́n á wá pe a-bi-TA-no. Rárá! A-bi-ta-no ni, À ni kẹ́ ẹ tẹ̀, sílébù kẹrin láti ẹ̀yìn. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe nìyí: ẹ kọ́kọ́ pe ti "èmi", A-bi-to. Ẹ fi ìka tẹ tábìlì bẹ́ ẹ ṣe ń pe A yẹn. Ẹ pe ti "òun", A-bi-ta, ìka yín kò kúrò níbẹ̀. Ẹ wá so -no mọ́ ọn. "Àwa" àti "ẹ̀yin" nìkan ló ń gbé ohùn síwájú: a-bi-TIA-mo, a-bi-TA-te. Ẹ ṣàkíyèsí tia yẹn, sílébù kan ṣoṣo ni.

Arrivare, "dídé", jọ abitare lójú, àmọ́ ar-RI-vo, ar-RI-va-no ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ máa há ti "èmi" sórí pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun. Àwọn tó parí sí -ere tilẹ̀ yàtọ̀ síra láti ìbẹ̀rẹ̀: LEG-ge-re, "kíkà", ṣùgbọ́n ve-DE-re, "rírí".

Kódà tí ẹ bá so ọ̀rọ̀ kéékèèké mọ́ ọn nídìí, ohùn kò ní ṣípò. Te-LE-fo-na, "tẹ fóònù". Te-LE-fo-na-mi, "tẹ̀ mí láago". FAB-bri-ca-me-lo, "bá mi ṣe é": sílébù mẹ́rin ló tẹ̀ lé e, ìka yín ṣì wà lórí FAB.